P0401 lórí Honda Accord 2001: ṣé fáàfù EGR ló kú ni, àbí ọ̀nà èéfín ló dí?

Adé_Kubwa (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Accord Baby Boy 2001 ni mọ́tò náà, ẹ́ńjìnì 2.3 onísílíńdà mẹ́rin, ọtọmátíìkì. Iná check engine tàn, scanner (ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àìsàn mọ́tò) mú kóòdù P0401 jáde, kò sí kóòdù mìíràn. Ní sílò kì í gbọ̀n, kì í sì í kú. Àmọ́ tí mo bá ti wà lójú títì Kubwa, tí mo ń sá bíi 80 sí 100, tí mo wá tẹná díẹ̀ láti gun òkè, ẹ́ńjìnì á máa dún wínníwínní bí ìgbà tí wọ́n ń mi ìṣó nínú agolo. Oòrùn ọ̀sán ló ń mú un pọ̀ sí i. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tán, ìró náà á dín kù.

Mẹkáníìkì kan ní kí n lọ ra fáàfù EGR (èyí tó ń dá èéfín padà sínú ẹ́ńjìnì) tokunbo ní Zuba. Èkejì ní EGR ò wúlò fún mọ́tò ní Nàìjíríà, pé òun á gé páànù fi dí i. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó náwó?

Ọ̀gá_Pisitini (Àpò)

Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. P0401 ò sọ pé fáàfù bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé kọ̀ǹpútà ní kí èéfín wọlé, èyí tó wọlé sì kéré sí ohun tó ń retí. Fáàfù tí kò ṣí lè fa ìyẹn. Ihò tí kábọ̀n ti dí pa lè fà á. Sẹ́ńsọ̀ tó ń parọ́ náà lè fà á. Lórí Accord 1998 sí 2002, ihò inú manifold (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sílíńdà) ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, torí ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń dí.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé gbogbo wa: EGR ń bu díẹ̀ nínú èéfín tí ẹ́ńjìnì ti lò tán, ó ń dá a padà sínú intake manifold. Èéfín yẹn ò ní ọ́síjìn tó lè jó mọ́. Ó kàn ń gba àyè nínú sílíńdà ni, ó sì ń fa ooru mọ́ra, kí iná inú sílíńdà má bàa gbóná kọjá ààlà. Bí ooru ibẹ̀ bá kọjá nǹkan bíi 1,370°C, náítírójìn àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á so pọ̀ di NOx. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń dá mọ́tò dúró ní Abuja torí NOx. Àmọ́ kọ̀ǹpútà mọ̀ pé èéfín yẹn ń bọ̀, ó sì ti fi ìyẹn ṣírò ìgbà tí púlọ́ọ̀gì máa ta iná: ó ń jẹ́ kó tètè ta. Tí èéfín ò bá wá dé, iná ti yá jù nìyẹn, epo á máa bẹ́ fúnra rẹ̀ nínú sílíńdà. Ìró wínníwínní tí ò ń gbọ́ nìyẹn.

Wo bí àmì rẹ ṣe bá a mu. EGR kì í ṣí tí ẹ́ńjìnì bá tutù, kì í ṣí ní sílò, kì í sì í ṣí tí o bá tẹná mọ́lẹ̀ tán. Àárín méjèèjì ló ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí mọ́tò ń sá eré gidi tí o sì tẹná díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìró rẹ ti ń jáde. Tó bá jẹ́ pé fáàfù há ní ṣíṣí ni, òdìkejì lò bá máa rí: ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n ní sílò, á máa kú nídìí iná pupa, á ṣòro láti tá, tó bá wá wọ eré tán ara rẹ̀ á balẹ̀. Kóòdù ìyẹn sábà máa ń jẹ́ P0402 (èéfín EGR pọ̀ jù), tàbí P0300 (misfire, ìyẹn ni pé sílíńdà ń kùnà láti jó epo).

Bí o ṣe máa dán an wò láì tú nǹkan kan rèé. Gbóná ẹ́ńjìnì títí fáànù redíétọ̀ á fi yí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà pa á. Yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì fáàfù EGR. Fi mítà wọn àwọn pín-ìnnì tó wà lára fáàfù fúnra rẹ̀: méjì tí ohm wọn kéré gan-an ni ti coil (wáyà wíwé tó ń fi iná gbé fáàfù sókè), mẹ́ta tó ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohm jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bí fáàfù ṣe gbéra tó. Má fi 12 V kan mẹ́ta yẹn láéláé, wàá jó o. Tá ẹ́ńjìnì padà, jẹ́ kó wà ní sílò, fi wáyà tó ní fíúsì fa iná bátìrì wá sórí coil fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì, kó o yọ ọ́.

Tó bá dún “tó!”, tí ẹ́ńjìnì sì gbọ̀n tàbí kú, fáàfù ń ṣí, ọ̀nà sì là. Ọ̀rọ̀ wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀ ló kù. Tó bá dún “tó!” àmọ́ tí ẹ́ńjìnì ò ṣe bí ẹni tó gbọ́ rárá, ọ̀nà ti dí. Tí kò bá dún, coil ti kú tàbí ọ̀pá inú rẹ̀ ti há. Ìgbà yẹn ni kó o tú u wò.

Ìyá_Ìbejì_Lugbe

Ẹ ṣeun ọ̀gá. Èmi náà ní ìbéèrè. Corolla 2006 tèmi ń gbọ̀n tí mo bá dúró nínú gosílò tí AC wà lórí. Wọ́n ní EGR ni, wọ́n sì ti dá iye tí máa mú wá fún mi. Ṣé bí wọ́n ṣe sọ náà ni kí n dán an wò?

Ọ̀gá_Pisitini (Àpò)

Ìyá wa, ẹ má fún wọn ní kọ́bọ̀. Ẹ́ńjìnì 1ZZ tó wà nínú Corolla yẹn ò ní fáàfù EGR rárá. VVT-i rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn: ó ń yí ìgbà tí fáàfù orí ẹ́ńjìnì ń ṣí àti ìgbà tó ń padé padà, kí èéfín díẹ̀ lè ṣẹ́kù sínú sílíńdà. Camry 2.4 tó ń lo 2AZ náà ò ní in. Kí ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ fọwọ́ kàn án hàn yín ná.

Ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò: throttle body (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì) tó dọ̀tí, rọ́bà vacuum tó ti la, púlọ́ọ̀gì, àti ẹ́ńjìnì síìtì. Ẹ ní kí ẹnì kan ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ gbáà, kí ẹ wọ D, kí ẹ tún wọ R. Kí ẹni náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ o, kì í ṣe iwájú. Tí ẹ́ńjìnì bá ń fò sókè bí ẹ ṣe ń pààrọ̀ jíà, síìtì ti já.

Ríwáyà_Kàdúná

Mo fẹ́ fi ti iná kún ọ̀rọ̀ ọ̀gá, torí kò tíì sọ púpọ̀ níbẹ̀. Scanner Bluetooth kékeré tí gbogbo èèyàn ń rà yìí tó fún iṣẹ́ náà, ẹ má kàn fi mọ sórí kíka kóòdù. Ẹ wọ live data, ibi tó ń fi ohun tí àwọn sẹ́ńsọ̀ ń kà lọ́wọ́lọ́wọ́ hàn. Honda máa ń fi ibi tí kọ̀ǹpútà ní kí fáàfù dé hàn, á sì fi ibi tó dé gan-an hàn, tí app yín bá mọ bó ṣe ń ka ti Honda. Ọ̀pọ̀ èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ò mọ̀ ọ́n.

Tí ohun tó pa láṣẹ bá ń gòkè tí èyí tó rí dúró sójú kan, fáàfù ò gbéra tàbí sẹ́ńsọ̀ ti kú. Tí méjèèjì bá ń rìn pọ̀ tí P0401 ṣì ń padà wá, ọ̀nà èéfín ni. Kóòdù náà ń pín ọ̀rọ̀ fún yín: P0403 jẹ́ ti iná coil, P0404 ni pé fáàfù ò dé ibi tí wọ́n rán an, P0405 àti P0406 jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀, ìkíní pé iná rẹ̀ wálẹ̀ jù, ìkejì pé ó ga jù.

Láti dán sẹ́ńsọ̀ wò, ẹ so sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ sí ON láì tá ẹ́ńjìnì, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé. 5 V gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà kan, ground lórí èkejì, ẹ̀kẹta á mú iye kékeré tí fáàfù bá padé. Bí fáàfù bá ṣe ń gbéra ni iye yẹn gbọ́dọ̀ máa gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tó bá fò láti iye kan sí òmíràn, tàbí tó pòórá láàárín, sẹ́ńsọ̀ ti jẹ. Tí 5 V ò bá sí rárá, ẹ má dá fáàfù lẹ́bi. Ẹ tọ wáyà lọ. Níhìn-ín, èkúté ń jẹ wáyà mọ́tò tó bá dúró sójú kan fún ọjọ́ púpọ̀, wáyà ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì ni wọ́n sì fẹ́ràn.

Ohun kan tún wà tó ń da ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì rú: afẹ́fẹ́ tó ń jò wọlé àti EGR tó há ní ṣíṣí. Méjèèjì ń mú ẹ́ńjìnì gbọ̀n ní sílò. Lórí mọ́tò tó ń lo MAF (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé), tí rọ́bà vacuum bá la, afẹ́fẹ́ tí MAF ò rí ń wọlé, fuel trim (ìdá ọgọ́rùn-ún epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò) á gòkè lọ sí +15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, P0171 (epo kéré sí afẹ́fẹ́) sì lè tẹ̀ lé e. EGR tó há ní ṣíṣí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí èéfín ló ń wọlé, kì í ṣe ọ́síjìn. Fuel trim á fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí. Accord tí à ń sọ yìí ò lo MAF, MAP (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú manifold) ló ń lò. Níbẹ̀, èéfín tó pọ̀ jù nínú manifold á mú MAP gòkè, kọ̀ǹpútà á rò pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀, á da epo sí i, fuel trim á wá lọ sí ìsàlẹ̀ òdo.

Dání_Jos

Ọ̀gá Ríwáyà, mo fi géèjì vacuum (tó ń wọn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ tó, ní íǹṣì mákíúrì) sí mọ́tò kan níbí, 16 ló kà ní sílò. Ìwé ní 18 sí 21. Ṣé EGR tó ń jò nìyẹn?

Ọ̀gá_Pisitini (Àpò)

Jos lẹ wà. Ìlú yín ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 sójú òkun, vacuum sì ń dín bí 1 kúrò nínú géèjì ní gbogbo mítà 300 tí ẹ bá gùn. 16 ní Jos dà bí 20 ní Èkó, ara mọ́tò yẹn le. Ní Abuja níbí, ẹ yọ bíi 1 sí 1.5.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bóyá abẹ́rẹ́ géèjì dúró jẹ́ẹ́. Tí ẹ bá fura pé fáàfù ń jò, ibẹ̀ ni páànù ti wúlò: ẹ gé páànù pẹlẹbẹ, ẹ fi há àárín fáàfù àti manifold fún ìdánwò, kí ẹ tá ẹ́ńjìnì. Tí vacuum bá gòkè, tí sílò sì dákẹ́ jẹ́ẹ́, fáàfù ń jò. Kí ẹ yọ páànù náà kúrò lẹ́yìn náà.

Wákílí_Kánò

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí a ó máa yọ ọ́? Gbogbo mọ́tò tó ń wọ ọjà Kofar Ruwa ní Kánò níbí, wọ́n ti dí EGR wọn, wọ́n ń rìn. Ẹ kàn ń fi ọ̀rọ̀ òyìnbó dẹ́rù ba àwọn èèyàn ni.

Ríwáyà_Kàdúná

Wákílí, mélòó nínú wọn ni iná check engine rẹ̀ kò tàn? Tí iná yẹn bá ti tàn kalẹ̀, ọjọ́ tí nǹkan gidi bá ṣẹlẹ̀, kò ní sí iná mìíràn tó máa kìlọ̀ fún dírẹ́bà.

Ọ̀gá_Pisitini (Àpò)

Kí a ya dísù sọ́tọ̀ kúrò lára bẹntiróò ná, torí Wákílí ò parọ́ tán. Ẹ́ńjìnì dísù, bíi ti Hiace, kì í ní ìṣòro ìró yìí tí wọ́n bá dí EGR rẹ̀. Nígbà tó bá há ní ṣíṣí ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, tí èéfín dúdú ń jáde tí agbára ò sí. Ọ̀tọ̀ ni bẹntiróò. Tí ẹ bá dí i, ìró wínníwínní yẹn ò ní lọ, torí òun gan-an ni àìsí EGR ń fà. Ẹ wá fi oòrùn oṣù kẹta àti ìkẹrin ní Kánò kún un, pẹ̀lú ẹrù, pẹ̀lú AC. Bó bá ń bẹ́ báyìí fún ìgbà pípẹ́, orí písítìnì á máa jẹ, ring á fọ́, tàbí kí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì jó. Owó ìyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ owó gásíkẹ́ẹ̀tì kan àti agolo carb cleaner méjì.

Adé_Kubwa

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ti ṣe ìdánwò 12 V náà. Fáàfù dún “tó!”, ketekete. Ẹ́ńjìnì ò yí padà rárá, kò tiẹ̀ mira.

Ọ̀gá_Pisitini (Àpò)

Ọ̀nà ló dí nìyẹn. Fáàfù rẹ dára, gbàgbé Zuba.

Ohun tí o máa wá: carb cleaner méjì tó jẹ́ ojúlówó, gásíkẹ́ẹ̀tì fáàfù EGR tuntun, rọ́bà O-ring fún injector (ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì) mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wáyà onírin tó rọ̀ (okùn irin inú kébù spidómítà àtijọ́ ló dára jù), gíláàsì ojú àti ibọ̀wọ́. Kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá. Yọ òpó negative bátìrì, àmọ́ kó o tó yọ ọ́, fa fíúsì pọ́ǹpù epo jáde, kó o tá ẹ́ńjìnì títí á fi kú, kí agbára epo inú réèlì lè wálẹ̀.

Ọ̀kan, fáàfù. Nọ́ọ̀tì méjì ló dè é, sípánà 12. Tí wọ́n bá ti há, fi òróró tó ń tú ìpáta sí i, kó o dúró díẹ̀. Má fi agbára ṣẹ́ ẹ. Da orí ẹ̀ kodò, kí carb cleaner má bàa ṣàn lọ sí ọ̀dọ̀ coil, fún un sí ẹnu ibi tí ọ̀pá náà ti ń padé, fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ̀ ọ́. Má fi sukudiráfà ha ibi ìjókòó ọ̀pá yẹn: tí o bá ti ha á báyìí, á máa jò ní sílò, wàá sì fi P0401 gba P0402. Má sọ odindi rẹ̀ sínú bẹntiróò bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ara iná ni ìdajì ẹ̀.

Èkejì, tó jẹ́ iṣẹ́ gan-an, ni àwọn ihò. Lórí onísílíńdà mẹ́rin, ihò kọ̀ọ̀kan ló wọ ẹnu sílíńdà kọ̀ọ̀kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ injector. Réèlì epo ni wàá kọ́kọ́ gbé kúrò kó o tó rí wọn. Fi aṣọ dí ẹnu ihò injector kí ìdọ̀tí má bọ́ síbẹ̀. Ti wáyà náà bọ inú ihò EGR, yí i sọ́tùn-ún sósì; o tún lè fi orí ẹ̀ sẹ́nu dírílì kó máa yí jẹ́jẹ́. Fún carb cleaner sí i, dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tún gbẹ́ ẹ. Kábọ̀n tó bá yọ, fi vacuum cleaner fà á jáde. Má jẹ́ kí èyí tó tóbi bọ́ sínú sílíńdà, ó lè há sẹ́nu fáàfù kí compression jò.

Má dúró nígbà tí ihò kan tàbí méjì bá là. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ là dọ́gbadọ́gba. Tí mẹ́ta bá dí tí ọ̀kan ṣoṣo là, gbogbo èéfín á gba ibẹ̀ lọ, sílíńdà yẹn á máa misfire tí mọ́tò bá ń sá, ní sílò kò ní sí wàhálà kankan. Àwọn èèyàn á wá máa pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti coil títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Lẹ́yìn náà, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, fi ọwọ́ de nọ́ọ̀tì méjèèjì kí wọ́n jókòó, kó o wá fà wọ́n dé 22 Nm. Fi òróró díẹ̀ pa O-ring injector kó o tó tì wọ́n wọlé. Dá fíúsì padà, tan kọ́kọ́rọ́ sí ON bí ẹ̀ẹ̀mẹta láì tá a, fi iná tọ́ọ̀ṣì wò bóyá epo ń jò níbì kankan. Lẹ́yìn ìyẹn lo tó lè tá a.

Tún ìdánwò 12 V ṣe. Ọ̀tẹ̀ yìí, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ kú tàbí kó gbọ̀n gan-an.

Adé_Kubwa

Ẹ ṣé gan-an. Kí ló ń fa kábọ̀n tó pọ̀ tó báyìí? Ṣé kò ní tún dí?

Ríwáyà_Kàdúná

Á tún kó jọ, àmọ́ ó máa ń pẹ́. Ohun tó ń yá a ni òróró ẹ́ńjìnì tó ń bá èéfín lọ. Yọ fáàfù PCV (èyí tó ń fa èéfín inú ẹ́ńjìnì padà lọ jó), mì í létí rẹ: tí kò bá dún kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́, ó ti dí, pààrọ̀ rẹ̀, kì í wọ́n. Wo òróró pẹ̀lú, bóyá ó ń dín láàárín sáfíìsì méjì. Ìrìn kúkúrú láti ilé sí ọ́fíìsì, tí ẹ́ńjìnì ò gbóná tán kó o tó pa á, náà ń kó kábọ̀n jọ.

Nígbà tó o bá ti pa kóòdù rẹ́, má retí pé kọ̀ǹpútà á gbà lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dán EGR wò fúnra rẹ̀. Gbé e lọ sójú títì tó dára, ẹ́ńjìnì gbígbóná, sá 80 sí 90 láì yí iná padà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó o gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná jẹ́jẹ́ láì tẹ búréèkì. Ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mélòó kan, lóríṣiríṣi ọjọ́. Wo pending code (kóòdù tí kò tíì tan iná) lórí scanner: ibẹ̀ ni P0401 á kọ́kọ́ yọjú sí kí iná tó tàn.

Dání_Jos

Tí kóòdù bá lọ àmọ́ tí ìró náà kù ńkọ́?

Ọ̀gá_Pisitini (Àpò)

EGR ti kúrò nínú ẹjọ́ nìyẹn. Ẹ wo ooru ẹ́ńjìnì lórí live data, bóyá ó ń gòkè jù tí mọ́tò bá ń gun òkè. Redíétọ̀ tí eruku ọyẹ́ ti dí láti ìta wọ́pọ̀ lápá òkè yìí. Ẹ wo púlọ́ọ̀gì bóyá heat range (ìwọ̀n ooru púlọ́ọ̀gì) tó bá ẹ́ńjìnì mu ni. Ẹ wo bóyá bẹ́líìtì timing fo eyín kan nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì ra epo ní ibòmíràn lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe epo inú jẹ́ríkàn ẹ̀gbẹ́ títì, kí ẹ gbọ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe máa dún lẹ́yìn tí ẹ bá ti lo táńkì kan tán.